Ìbéèrè wo ni kí n bi ẹni tó bá mi ka ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ mi, tí kò fi ní wojú mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé. Ìtàn àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mo ń kọ: alájọ kan ní ọjà Bódìjà pòórá pẹ̀lú owó àwọn ìyá ọlọ́jà. Orí kìíní tó nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀. Àwọn tó kà á ń sọ pé "ó dùn, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ", ó parí. Ìyìn kò lè bá mi tún un ṣe.

Mo ti yọ àpèjúwe ọjà tó wà níwájú, kí ìtàn lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí Ìyá Sikírá ti ń kan ilẹ̀kùn alájọ tí kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo dín òwe kù, torí òwe mẹ́ta nínú ìpínrọ̀ kan máa ń dá ìtàn dúró. Mo kà á sókè sínú fóònù. Ibi tí ahọ́n bá ti ń kọsẹ̀, gbólóhùn ibẹ̀ gùn jù ni. Mo tiẹ̀ ní kí wọ́n fa ìlà síbi tó ti sú wọn. Wọn ò fa nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ orúkọ èèyàn mẹ́fà ló jáde lójú ìwé àkọ́kọ́, mo sì mọ̀ pé ìyẹn pọ̀ fún òǹkàwé tí kò tíì mọ ẹnì kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè wo gan-an ni mo lè bi òǹkàwé, tí yóò fi sọ ibi tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò nínú ìtàn fún mi?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.