"Kòkòrò rere" kọ́: orúkọ tó yẹ probiotics inú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ìwé ìléwọ́ tí a fẹ́ ṣe fún àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nílẹ̀, lórí bí probiotics, ìyẹn àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí a ń pò mọ́ oúnjẹ, ṣe lè gbèjà ìfun ẹran wọn nígbà tí oúnjẹ bá ti bu. Àbá mẹ́ta ló ti jáde fún orúkọ tí a ó máa pè é ní Yorùbá: "kòkòrò rere", "ìwúkàrà inú" àti "oògùn ìfun". Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú orúkọ ohun tí a ń sá fún, ìyẹn nǹkan burúkú inú oúnjẹ tó bu. Ẹnìkan pè é ní "májèlé". Létí àgbẹ̀, májèlé ni ohun tí ẹnìkan fi sínú oúnjẹ ẹlòmíràn. Tí ó bá gbọ́ pé májèlé wà nínú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, ẹni tó ta àgbàdo fún un ni yóò kọ́kọ́ fura sí. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sí i. Àgbàdo tí kò gbẹ tán tí a dì sápò, ẹ̀pà tí ọ̀rinrin mú, àwọn ló ń bu, ohun tó sì mú wọn bu ló ń ṣe nǹkan burúkú yẹn jáde fúnra rẹ̀. Ejò ní oró, àkekèé ní oró: ara wọn ló ti ń jáde, ẹnìkan kò fi í sí wọn lára. Nítorí náà, "oró oúnjẹ bíbu" ni mo fara mọ́.

Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ mọ iṣẹ́ ọwọ́ oró yìí ju bí wọ́n ṣe mọ orúkọ rẹ̀ lọ. Oríṣiríṣi ni. Tí èyí tí wọ́n ń pè ní deoxynivalenol bá pọ̀ nínú oúnjẹ, ẹlẹ́dẹ̀ á wá sídìí ọpọ́n, á fi imú kàn án, á sì kẹ̀yìn sí i. Èyí tó bá jẹ ẹ́ lè máa bì. Ti zearalenone tún yàtọ̀: ojú ara abo tí kò tíì tó gùn á pọ́n, á wú, bíi pé ó ń wá akọ. Aflatoxin ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, fumonisin sì lè mú kí omi kún ẹ̀dọ̀fóró. Kí ìwé náà má sì gbàgbé láti sọ pé àgbàdo tí kò bu lójú lè ní oró nínú, àti pé sísè lásán kì í mú aflatoxin kúrò.

Ó wá ku probiotics. Kòkòrò ni ohun tó ń jẹ ẹ̀wà, kòkòrò náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pe ohun tó ń fa àrùn. Ẹni tó ń náwó lé kòkòrò kúrò lára ẹran kò ní fi owó ra òmíràn nítorí pé a fi "rere" kún orúkọ rẹ̀. "Ìwúkàrà inú" dùn létí, òótọ́ sì ni pé Saccharomyces cerevisiae, èyí tó ń mú búrẹ́dì wú, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n Lactobacillus àti Bacillus subtilis, tí àwọn náà wà lára wọn, bakitéríà ni, wọn kì í ṣe ìwúkàrà.

"Oògùn" ló burú jù. Ní ọdún 2001, FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé) àti WHO (àjọ ìlera lágbàáyé) ṣàlàyé pé ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín ni probiotics, tí ń ṣe ẹni tó jẹ ẹ́ lóore tó bá pọ̀ tó. Ohun ẹlẹ́mìí ń kú. Da Lactobacillus sínú oúnjẹ tó ń hó, o ti pa á. Láti 2006 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de fífi oògùn apakòkòrò (antibiotics) sóúnjẹ ẹran kí ó lè tètè dàgbà, probiotics sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Ṣé a ó wá pe arọ́pò ní orúkọ ohun tí a lé lọ?

Àbá tèmi ni "aṣèfunlóore". A ti ń pe oúnjẹ gidi ní aṣaralóore, kò sẹ́ni tí a ó kọ́ ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní kò mọ irú ohun tó jẹ́, ẹ ní kó rántí omi ògì tó kan: irú àwọn Lactobacillus bẹ́ẹ̀ ló mú un kan.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nínú àkọsílẹ̀ wa: "ó ń pa oró". Kì í pa á. Ara àwọn kan, bíi Lactobacillus rhamnosus, ń so mọ́ aflatoxin kí díẹ̀ nínú rẹ̀ lè bá ìgbẹ́ jáde, ó sì lè tún já sílẹ̀. Àwọn Bacillus kan ń tú zearalenone palẹ̀. Àwọn mìíràn ń ran ògiri ìfun lọ́wọ́ níbi tí deoxynivalenol ti ṣí àlàfo sí i. Tí a bá kọ "pa", àgbẹ̀ á lọ ra àgbàdo bíbu tó pọ́ọ́kú, á bu aṣèfunlóore lé e, á sì rò pé ó ti bùṣe. Ẹ jẹ́ ká yọ "pa", ká kọ "ó ń dín agbára oró kù", kí gbólóhùn tó ní kí wọ́n má ra àgbàdo tó bu sì wà lókè rẹ̀, kì í ṣe nísàlẹ̀.