Àjíǹde yàtọ̀ sí ìpadàsáyé

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọdún Àjíǹde o.

Ọ̀kan nínú wa tó ń bá wọn kọ ìwé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi fún àwọn ọ̀dọ́ dábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ká wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún "àjíǹde". Ó ní "jí" tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé ńṣe ni Jésù sùn, pé kò kú. Ó wá mú "ìpadàsáyé" wá. Ẹlòmíràn ní "àtúnwáyé" ló dáa jù, nítorí pé Yorùbá ti mọ̀ ọ́n kí Bíbélì tó dé. Mo ka ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, n kò sì lè dákẹ́, torí pé ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìgbàgbọ́ wa dúró lé.

Ká kọ́kọ́ mú ti oorun kúrò. Inú Ìwé Mímọ́ gan-an ni oorun ti wá. Dáníẹ́lì orí 12 sọ̀rọ̀ àwọn tó sùn nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ tí wọn yóò jí. Jésù ní Lásárù ọ̀rẹ́ òun sùn; nígbà tí kò yé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó là á mọ́lẹ̀ pé Lásárù kú. Èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun ní ọ̀rọ̀ méjì tó ń lò fún un, ọ̀kan fún jíjí lójú oorun, ìkejì fún dídìde dúró. Yorùbá kó méjèèjì sínú ẹyọ kan. Ẹni tó jí ṣì lè wà lórí ẹní. Ẹni tó jíǹde ti kúrò níbẹ̀. Ẹ wo Éfésù 5:14: "Jí, ìwọ ẹni tí ó sùn, sì jíǹde kúrò nínú òkú." Láti ìgbà tí odindi Bíbélì Yorùbá tí Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, ṣe olórí iṣẹ́ rẹ̀ ti jáde ní 1884 la ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, àwọn Mùsùlùmí wa náà sì ń pe ọjọ́ ìkẹyìn ní Ọjọ́ Àjíǹde. Ọ̀rọ̀ tó yé ṣọ́ọ̀ṣì, tó yé mọ́ṣáláṣí, kí la fẹ́ dà á nù sí?

"Àtúnwáyé" ńkọ́? Níbi ìsìnkú ìyá kan ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, pásítọ̀ ti gbàdúrà tán, ó ti ní ó di òwúrọ̀ ọjọ́ àjíǹde. Àbúrò olóògbé bu yẹ̀pẹ̀, ó rọra dà á sórí pósí, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ó di gbéré, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kẹ́ ẹ bá wọn jẹ. Ẹ tètè padà wá yà lọ́dọ̀ ọmọ yín o." Kò sẹ́ni tó bá a wí, kò sì yẹ kí wọ́n bá a wí, ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àdúrà méjèèjì ń béèrè jìnnà síra wọn. Ọ̀kan ń retí ọmọ tuntun tí wọn yóò sọ ní Yétúndé tàbí Ìyábọ̀, ọmọ tó ní orí tirẹ̀, tí sàréè ìyá àgbà kò sì ní tìtorí rẹ̀ ṣófo. Ìkejì ń retí ìyá yẹn fúnra rẹ̀. Òfìfo ni àwọn obìnrin bá ibojì Jésù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ọ̀sẹ̀. Àtúnwáyé kò lè gbé ìyẹn.

"Ìpadàsáyé" ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó bá dàgbà ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ti gbọ́ ìtàn àkúdàáyà. Ọkùnrin kan kú, wọ́n sin ín, wọ́n ṣe òkú rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ kan, ará àdúgbò rẹ̀ na ọjà lọ sí ìlú òkèèrè, ó bá a tó jókòó níwájú ilé, ó ti fẹ́yàwó, ó ti bímọ. Bí ojú wọn bá ti ṣe mẹ́rin, ó tán. Kó tó di ọjọ́ kejì, wọn ò ní rí i mọ́. Ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ni àkúdàáyà ń gbé, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló sì ń sá fún.

Ẹ wá wo Jésù. Jerúsálẹ́mù tí wọ́n ti pa á náà ló ti jíǹde. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń wá kiri. Ó pe Màríà lórúkọ lẹ́bàá ibojì. Ó fi ojú ìṣó ọwọ́ rẹ̀ han Tómásì. Ó jẹ ẹja sísun níwájú wọn kí wọ́n má baà pè é ní iwin. Pọ́ọ̀lù sọ pé àwọn tó lé ní 500 rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè nígbà tí òun ń kọ̀wé sí Kọ́ríńtì. Bí a bá wá sọ fún ọmọ wa pé ó "padà sáyé", àkúdàáyà tí ìyá àgbà sọ fún un lálẹ́ àná ni yóò wá sí i lọ́kàn.

Ẹnìkan láti Ọ̀yọ́ bi mí bóyá àjíǹde Jésù kò jọ "Ọba kò so". Ìbéèrè tó dáa ni. Àwọn olùsìn Ṣàngó ń sọ pé ọba kò pokùn so rárá. Ikú yẹn gan-an ni wọ́n ń sẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà la kì í sọ pé ọba kú. Nígbà tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta lọ ní oṣù kẹrin ọdún 2022, nínú ọ̀sẹ̀ ọdún Àjíǹde gan-an, wíwàjà ni wọ́n wàjà. Ọ̀wọ̀ ni, ó sì yẹ wọ́n. Àmọ́ ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kò fi aṣọ bo ti Jésù: a kàn án mọ́ àgbélébùú, ó kú, a sì sin ín. Tí àwọn ọmọ bá rò pé ó sùn lásán, ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ẹtì Rere la kò kọ́ wọn dáadáa. Àjíǹde kò ṣẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ "ó kú" ketekete kí wọ́n tó gbọ́ "ó jíǹde".

Síbẹ̀, iṣẹ́ arákùnrin wa tó mú "ìpadàsáyé" wá kò ní já sásán. Lásárù, ọmọ opó Náínì, ọmọbìnrin Jáírù, Dọ́káàsì, gbogbo wọn la máa ń sọ pé wọ́n jíǹde, inú ayé yìí náà ni wọ́n sì padà sí, ikú sì tún ń dúró dè wọ́n. Ti Jésù kò rí bẹ́ẹ̀: Róòmù orí 6 ní kò ní kú mọ́. Inú ara tí kì í díbàjẹ́ ló jíǹde sí, àwa náà sì ń retí irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun méjì yìí ló ń da àwọn ọmọ láàmú, mo rò ó dáadáa. "Ìsọjí" ì bá ṣe é, ṣùgbọ́n ìpàdé àdúrà ti gbà á lọ́wọ́ wa. Mo fara mọ́ "ìpadàsáyé" fún Lásárù, bí a bá lè tún un ṣe díẹ̀ kó di "ìdápadàsáyé", torí pé ẹnìkan ló dá a padà, kò dá ara rẹ̀ padà. Kí ìwé náà fi "àjíǹde" sílẹ̀ fún Jésù àti fún ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú ju "ìdápadàsáyé" lọ, kó mú un wá kí wọ́n tó gbé ìwé náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé.