Adrenaline fún ẹni tí oyin ta: inú ẹran itan ni, àbí inú iṣan ẹ̀jẹ̀?

Òṣìṣẹ́ Áḿbúláǹsì, Iléṣà:
Ẹ̀yin àgbà ẹnu iṣẹ́, mo kí yín o. Lójú ọ̀nà Iléṣà sí Ilé-Ifẹ̀ ni ọkọ̀ wa ti ń ṣiṣẹ́. Èmi àti ẹnìkejì mi ń jiyàn lórí àgbẹ̀ kan tí oyin ta nínú oko kòkó lẹ́bàá Òṣú, tí gbogbo ara rẹ̀ sú, tí ètè rẹ̀ wú, tí èémí rẹ̀ sì ń ṣòro. Ẹnìkejì mi ní hydrocortisone (oògùn tó ń dín ara wíwú kù) àti promethazine (oògùn ara yíyún) ló yẹ kó ṣáájú, nítorí pé ohun tí wọ́n ń ṣe níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́ nìyẹn, àti pé adrenaline lè da ọkàn rú. Èmi gbà pé adrenaline ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú bóyá inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni kó gbà, bí a ti ń ṣe fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ló tọ̀nà, báwo sì ni a ṣe lè tọ́jú oògùn yìí nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dalẹ́?

Dókítà Pàjáwìrì, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́. Adrenaline ló ṣáájú, inú ẹran itan níhà ìta sì ni a ń gún un sí, kì í ṣe abẹ́ awọ, nítorí pé láti inú ẹran itan ni ó ti tètè ń wọ ẹ̀jẹ̀. 0.5 mg ni ti àgbàlagbà, ìyẹn ìdajì mílílítà láti inú ìgò kékeré tí wọ́n kọ 1 mg nínú 1 mL sí lára. 0.3 mg ni ti ọmọ ọdún 6 sí 12, 0.15 mg sì ni ti ọmọ tí ó ti ju oṣù 6 lọ tí kò tíì pé ọdún 6. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ tún un gún, kí ẹ sì fa omi sí i lára.

Ohun tí ó ń pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dẹ̀ jákèjádò ara, omi inú ẹ̀jẹ̀ ń jò síta, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń wálẹ̀, ọ̀fun àti ọ̀nà èémí sì ń dí. Adrenaline ń sún iṣan ẹ̀jẹ̀ kì, ó sì ń la ọ̀nà èémí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Hydrocortisone ń gba wákàtí mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Promethazine lè dín ara yíyún kù, ṣùgbọ́n kò lè la ọ̀fun tí ń dí, ó sì ń kun ènìyàn lóorun débi pé ẹ kò ní mọ̀ bóyá oògùn ló mú un sùn tàbí ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ọpọlọ. Mo mọ̀ pé àṣà náà ti wọ̀ wá lẹ́wù, pàápàá àwa tí a kọ́ṣẹ́ láyé àtijọ́.

Ní ti iṣan ẹ̀jẹ̀, 1 mg tí a ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró, ní ìṣẹ́jú 3 sí 5 síra wọn, lè sọ ọkàn tí ó ń lù dáadáa di èyí tí ń gbọ̀n lásán. Ibi tí ìbẹ̀rù ẹnìkejì yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún abẹ́rẹ́ itan.

Ẹ má sì jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn wọ ọkọ̀, bó tilẹ̀ ní ara òun ti yá. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí èémí bá ni ìṣòro rẹ̀ jù, ó lè jókòó. Àwọn kan ti kú lójijì nítorí pé wọ́n dìde dúró.

Apòògùn, Lágere:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Dókítà. Ní tèmi, ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni mo ń bẹ̀rù jù. 1:1,000 ni 1 mg nínú 1 mL, 1:10,000 sì ni 1 mg nínú 10 mL. Ta ló fẹ́ ka òdo lóru lẹ́bàá títì? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n yọ irú àkọsílẹ̀ yìí kúrò lára ìgò adrenaline ní 2016, mg nínú mL nìkan ni wọ́n ń kọ. Ẹ kó ìgò kan, síríńjì 1 mL àti abẹ́rẹ́ tí ó gùn tó láti dé inú ẹran sínú ọ̀rá kan tí ẹ kọ “ITAN” sí gàdàgbà. Inú àpótí mìíràn ni kí ti ọkàn tó dúró wà. Kí ẹnì kan ka ara ìgò sókè kí ẹnìkejì sì fọwọ́ sí i, kí ẹ tó fa oògùn.

Ní ti oòrùn, ọ̀pọ̀ adrenaline ni wọ́n kọ sí lára pé kó má kọjá 25°C, kí ìmọ́lẹ̀ má sì kàn án. Ẹ gbé àpótí oògùn wọlé nígbà tí ọkọ̀ bá ń sinmi, ẹ lo kúlà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìgò lé yìnyín, nítorí kò gbọdọ̀ dì. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ mọ̀ sì pé èyí tí ó ṣì mọ́ kedere náà lè ti dínkù lágbára, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tó wọ ọkọ̀ sára páálí.

Òṣìṣẹ́ Áḿbúláǹsì, Iléṣà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Àgbẹ̀ náà ń lo propranolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ǹjẹ́ ìyẹn yí nǹkan padà?

Dókítà Pàjáwìrì, Ilé-Ifẹ̀:
Adrenaline náà ni ẹ ó kọ́kọ́ gún. Ṣùgbọ́n propranolol ń dí ojú ibi tí adrenaline ń gbà ṣiṣẹ́, nítorí náà ara rẹ̀ lè má gbọ́ oògùn náà bó ti yẹ, glucagon, oògùn mìíràn tí kì í gba ojú ibẹ̀ ṣiṣẹ́, sì ni a ń fún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ilé ìwòsàn sílẹ̀ kí ẹ tó dé, ìbáà ṣe Wesley Guild tàbí ibòmíràn, kí ẹ dárúkọ propranolol fún wọn. Ẹ kọ aago abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀ àti ìfúnpá ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀ sínú ìwé tí ẹ ó fà lé wọn lọ́wọ́, nítorí pé àìsàn náà lè padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan láìsí pé oyin tún ta á, àkọsílẹ̀ yín ni wọn yóò sì fi pinnu bí yóò ti pẹ́ tó lábẹ́ ìṣọ́.