Picasa ò ṣí mọ́ lórí láptọ́ọ̀pù: ẹ má tíì yọ nǹkan kan kúrò

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń wá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa. Picasa orí láptọ́ọ̀pù mi, sọ́fítíwíà Google tí mo fi ń to fọ́tò, ò ṣí mọ́ látìgbà tí Windows ti ṣe ọpdéètì, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ àmì ẹ̀ á yọ fìrí, á tún pòórá, kò ní sọ nǹkan kan. Fọ́tò àwọn ọmọ látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọ ọwọ́ ló wà níbẹ̀, mo ti kọ orúkọ sójú kálukú, mo ti tò wọ́n sí álíbọ́ọ̀mù. Ẹnì kan ní kí n yọ ọ́ kúrò, kí n wá òmíì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n fi sí i. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Bàbá Tósìn: Ìyá Ìbejì, ẹ má ṣe é o! Ẹ dákun, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò. Tẹ́ ẹ bá ń yọ Picasa, ó lè bi yín bóyá kó pa dátábéèsì ẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń lò, tẹ́ ẹ bá fi ìkánjú tẹ Yes, iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ló lọ yẹn. Ti pé kẹ́ ẹ wá òmíì lórí íntánẹ́ẹ̀tì gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí Google fúnra wọn ò gbé e síta mọ́, àwọn ibòmíì tí wọ́n ń gbé e kiri, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n kó mọ́ ọn. Èyí tó wà lórí láptọ́ọ̀pù yín yẹn, òun ni kẹ́ ẹ dì mú.

Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Picasa kì í kó fọ́tò sínú ara ẹ̀. Inú fódà tẹ́ ẹ kó wọn sí látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wà, Pictures ni o, Desktop ni o. Picasa dà bí ìwé tí èèyàn ń kọ ibi tí ẹrù wà sí, ìwé lè ya, ẹrù ò kúrò níbi tó wà. Ẹ ṣí File Explorer kẹ́ ẹ wọ Pictures lọ wò ó, kẹ́ ẹ padà wá sọ fún mi.

Ìyá Ìbejì: Ah, mo rí wọn o! Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ àwọn tí mo ti tún ṣe, tí mo gé etí wọn, tí mo jẹ́ kí wọ́n mọ́lẹ̀ díẹ̀, wọ́n ti padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Orúkọ náà ò sí níbì kankan.

Bàbá Tósìn: Wọn ò padà, bí wọ́n ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Tẹ́ ẹ bá tún fọ́tò ṣe nínú Picasa, kì í fọwọ́ kan fọ́tò yẹn fúnra ẹ̀, ńṣe ló ń kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe sínú fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ .picasa.ini, inú fódà kan náà tí fọ́tò wà ló máa ń fi sí, ó sì máa ń fi pamọ́ kójú má rí i. Ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ Save nínú Picasa nìkan ló máa ń kọ àtúnṣe sínú fọ́tò gangan, á wá gbé ti àkọ́kọ́ lọ sínú fódà míì tó ń jẹ́ .picasaoriginals, ìyẹn náà wà ní ìpamọ́. Torí náà, àtúnṣe tẹ́ ẹ ò tíì Save, inú ini ló wà. Ibi tẹ́ ẹ fi orúkọ sí lójú ọmọ wà nínú ini náà, àmọ́ nọ́ńbà kan ló fi dípò orúkọ, orúkọ gangan wà nínú fáìlì contacts.xml lábẹ́ AppData, Local, Google, Picasa2.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo. Èèyàn á kó fọ́tò nìkan lọ sórí háàdì dráífù, á fi ini sílẹ̀, ó rò pé òun ti ṣe bákọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀dà ìpamọ́, kò mọ̀ pé òun ti fi ìdajì iṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹ lọ sí View nínú File Explorer, ẹ tẹ Hidden items kó mú, ẹ ó rí gbogbo wọn. Kẹ́ ẹ wá kó fódà lódindi, ẹ má ṣa fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún kó Picasa2 àti Picasa2Albums tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lábẹ́ Google yẹn mọ́ ọn. Kí gbogbo ẹ̀ wà lórí háàdì dráífù kó tó di pé a fọwọ́ kan ohunkóhun.

Wálé: Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi kún un fún àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 2004 ni Google ra Picasa, oṣù kejì 2016 ni wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ fi í sílẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún yẹn wọn ò tún un ṣe mọ́. Windows ń yí padà lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń tún Picasa ṣe kó lè bá a rìn, kì í ṣe pé ẹ̀yin ṣe nǹkan kan tí kò dáa.

Ìyá Ìbejì, tẹ́ ẹ bá ti ṣe bákọ́ọ̀pù tán, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú èyí tó rọrùn: ẹ fi ọ̀tún máùsì tẹ àmì Picasa, ẹ yan Properties, ẹ lọ sí Compatibility, ẹ yan Windows 7, ẹ tẹ OK. Nígbà míì ìyẹn nìkan ti tó.

Ìyá Ìbejì: Mo ti ṣe bákọ́ọ̀pù, ó pẹ́ kó tó tán. Mo ṣe ti Windows 7 yẹn náà, ibi pẹlẹbẹ náà lọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Ó yọ, ó tún lọ.

Bàbá Tósìn: A jẹ́ pé dátábéèsì ẹ̀ ló bàjẹ́, tàbí kó jẹ́ pé fọ́tò tàbí fídíò kan wà tí kò dáa, tó bá ti kàn án báyìí á kú. Ẹ padà sínú Picasa2, ẹ ó rí fódà kan tó ń jẹ́ db3. Ẹ má pa á rẹ́ o, ẹ kàn yí orúkọ ẹ̀ sí db3-àtijọ́. Ẹ má fọwọ́ kan contacts, ẹ má fọwọ́ kan Picasa2Albums. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣí Picasa. Ó máa ṣe bí ìgbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí, ó lè bi yín bóyá kó yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà wò, ẹ má gbà, ẹ yan èyí tó kéré. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ sí Tools, Folder Manager, kẹ́ ẹ máa fi fódà kún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó ka ọ̀kan tán kẹ́ ẹ tó fi òmíì sí i. Fódà tó bá ti kú sí, ibẹ̀ ni fáìlì burúkú yẹn wà, ẹ máa wo fídíò àtijọ́ lákọ̀ọ́kọ́.

Ìyá Ìbejì: Ó ṢÍ O! Olúwa ṣeun. Fídíò kan ni lóòótọ́, ọ̀kan tí kì í ṣí níbòmíì náà, mo ti gbé e kúrò nínú fódà yẹn. Àtúnṣe mi ti padà, orúkọ náà ti ń yọ díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Tósìn: Ẹ ṣeun Olúwa lóòótọ́. Àmọ́ ẹ má jókòó tì í o, ọpdéètì míì lè dé lọ́la. Bó ṣe ṣí yìí, ẹ kó ohun tó wà nínú ẹ̀ jáde. Àkọ́kọ́, Save sí àwọn tẹ́ ẹ tún ṣe. Ìkejì, álíbọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ Export kó di fódà gidi. Ìkẹta tó ṣe pàtàkì jù, orúkọ: ẹ lọ sí Tools, Experimental, ẹ ó rí Write Faces to XMP. Ìyẹn á kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú fọ́tò JPEG fúnra wọn, kò ní sí nínú ìwé Picasa nìkan mọ́. Sọ́fítíwíà kan wà tó ń jẹ́ digiKam, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ṣì ń tún un ṣe, ó máa ń ka orúkọ yẹn. Ẹ má rò pé tẹ́ ẹ bá kó wọn sí Google Photos orúkọ á tẹ̀ lé wọn, kò ní tẹ̀ lé wọn.

Dúpẹ́: Ẹ kú àlàyé o. Tèmi Mac ni, iPhoto ni, sọ́fítíwíà fọ́tò Apple àtijọ́, wọ́n fa ilà kọjá lórí àmì ẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ wà?

Wálé: Ó wà, tiyín tiẹ̀ rọrùn jù. Photos ló rọ́pò iPhoto ní 2015, ẹ̀dà macOS tó ń jẹ́ Mojave ló sì gbà á gbẹ̀yìn, láti Catalina tó tẹ̀ lé e kò ṣí mọ́. Ẹ di Option mú lórí kíbọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ wá tẹ Photos, ó máa jẹ́ kẹ́ ẹ yan láíbìrì, ẹ yan iPhoto Library yín. Á kó gbogbo ẹ̀ wọlé, Event yín á di álíbọ́ọ̀mù, ìràwọ̀ tẹ́ ẹ fi sórí fọ́tò á di keyword, ìyẹn ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ lè fi wá fọ́tò. Láíbìrì àtijọ́ á ṣì wà níbẹ̀, ẹ máa rò pé ó ti gba àyè lẹ́ẹ̀mejì, kò rí bẹ́ẹ̀, fáìlì kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má lọ ṣí inú láíbìrì yẹn kẹ́ ẹ máa gbé fáìlì síbí sọ́hùn-ún. Ẹ lè dà á kọ jáde, ẹ má tò ó.

Ìyá Ìbejì: Ó ti ń kọ orúkọ sínú fọ́tò báyìí, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Tósìn: Ẹ jẹ́ kó parí, ẹ má pa láptọ́ọ̀pù dé. Tó bá tán, ẹ fi digiKam ṣí fódà kan péré, ẹ wò ó bóyá orúkọ yọ, kẹ́ ẹ tó tún gbogbo ẹ̀ kó sórí háàdì dráífù. Ẹ fi èyí síbi ọ̀tọ̀ o, kẹ́ ẹ má kó o lé bákọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ lórí.