Gíláàsì tó ń dúdú fúnra rẹ̀ bí oòrùn bá mú: ta ló mọ̀ ọ́n l'Ábẹ́òkúta?

Ọmọ Ìbarà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Gíláàsì thermochromic, èyí tó ń dúdú bí oòrùn bá lù ú, tó ń mọ́ padà bí oòrùn bá wọ̀, tí kò ní wáyà, tí kò lo iná. Fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní ọ́fíìsì kan lọ́nà Òkè-Mọ́sàn ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, báwo ló ṣe ń ṣe? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìpolówó dá mi lóhùn o.

Gíláàsì Kútọ̀: Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ nìyí: kì í ṣe ooru inú yàrá ló ń pa á láró, ooru ara gíláàsì gan-an ni. Èyí tí wọ́n ń tà fún ilé, fíìmù PVB, ìyẹn ike rírọ̀ kan, ló wà láàárín gíláàsì méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Èròjà inú fíìmù yẹn ló ń gba oòrùn, tó ń gbóná, tó ń yí àwọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìta lè gbóná dé dígírì 35, bí ojú ọ̀run bá ṣú, kò ní dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn agogo mẹ́rin bá lù ú tààrà, ara gíláàsì lè kọjá dígírì 50. Ìgbà yẹn lẹ máa rí iṣẹ́ rẹ̀.

Bọ̀dá Pańṣẹ́kẹ: Kí ló dé tí wọn ò kúkú lẹ tíǹtì?

Gíláàsì Kútọ̀: Tíǹtì dúdú láàárọ̀, ó dúdú lálẹ́, ó dúdú lọ́jọ́ òjò. Ẹ óò máa tan iná lọ́sàn-án gangan.

Ẹnjiníà Adé: Ẹ jẹ́ ká bọ́ síbi tó le. Gíláàsì tó dúdú kò lé ooru lọ, ó gbé e mì ni, ó sì gbọ́dọ̀ pọ̀ ọ́ síbì kan. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló dúró, púpọ̀ nínú ooru yẹn inú yàrá ló ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é ní onílọ̀ọ́po: thermochromic níta, àlàfo mílímítà 12 tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ tàbí gáàsì argon wà nínú rẹ̀, gíláàsì mílímítà 6 nínú, kí ìpara low-e, èyí tó ń dín ooru tó ń kọjá kù, sì wà lójú tó kọjú sí àlàfo. Bí wọ́n bá gbé e sódì, tí thermochromic wá sínú, owó ti wọlé gbé. Ẹ wo sítíkà ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e sókè.

Ẹ wá ṣírò ìnípọn: 6 pẹ̀lú fíìmù 1.5 pẹ̀lú 6, àlàfo 12, 6 tinú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 32. Gíláàsì mílímítà kan ní mítà kan lọ́nà méjèèjì jẹ́ kílò 2.5, nítorí náà fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin kọjá kílò 65. Férémù sliding tí wọ́n ṣe fún gíláàsì mílímítà 5 kò lè gbà á láéláé.

Ìyá Oníkólobó: Kílò 65! Ẹ lọ yá rélùwéè Lafẹ́nwá kó bá yín ṣí fèrèsé.

Ẹnjiníà Adé: 😂 Mọ̀mí, kì í ṣe ṣíṣí. Èyí tí kò ní ṣí rárá ni, tàbí casement, èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, tí híǹjì rẹ̀ nípọn.

Bọ̀dá Pańṣẹ́kẹ: Èyí tí mo rí nínú fídíò funfun ni bí ògì, kò dúdú. Ẹlòmíì tún ní vanadium ló wà nínú rẹ̀. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Tíṣà Kẹ́mísírì: Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn. Vanadium dioxide ni Morin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, kọ̀wé lé lórí ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1959. Bó bá dé dígírì 68, ó ń yí padà di bí irin, á sì dènà ìtànṣán ooru tí ojú ò rí. Bí wọ́n bá fi tungsten kún un, átọ̀mù ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, 68 yẹn á fi bíi dígírì 20 sí 25 dín kù. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹni tó bá ní vanadium òun ń dúdú kirikiri, ẹ bi í dáadáa.

Èyí tó funfun, hydrogel PNIPAM ni, ìyẹn èròjà rírọ̀ kan tó kún fún omi. Bíi dígírì 32 ló ń yí. L'Ábẹ́òkúta lóṣù kejì sí ìkẹta, afẹ́fẹ́ ọ̀sán nìkan ń kọjá 32, kódà fèrèsé tó wà lábẹ́ òjìji á funfun. Ẹ ò ní rí Olúmọ mọ́ títí ilẹ̀ á fi tutù.

Alàgbà Àkítẹ́ẹ̀tì: Gbogbo òògùn yìí, ẹ kò kúkú ṣe ìbòjì?

Ẹnjiníà Adé: Ẹ̀gbọ́n, ìbòjì kò ran ìwọ̀-oòrùn. Lóṣù kẹta, bí agogo márùn-ún bá lù, oòrùn ti sọ̀kalẹ̀ dé igun bíi dígírì 28 sí ojú ilẹ̀. Ìbòjì tó yọ ẹsẹ̀ bàtà méjì á bo ẹsẹ̀ bàtà kan péré lókè fèrèsé. Ìyókù, ojú ẹni tó jókòó ló ń lù.

Alàgbà Àkítẹ́ẹ̀tì: Mo mọ̀. Èyí tó dúró lóòró ni mò ń wí, tàbí búlọ́ọ̀kù oníhò, bí Fry àti Drew, àwọn àkítẹ́ẹ̀tì òyìnbó, ṣe lò ó ní Yunifásítì Ìbàdàn. Atẹ́gùn ń gbà á kọjá. Gíláàsì yín tí kò ṣí ńkọ́? Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí AC kú, ta ló máa jókòó síbẹ̀?

Ọmọ Ìbarà: Jẹnẹrétọ̀ wà, sà.

Alàgbà Àkítẹ́ẹ̀tì: Dísẹ́ẹ̀lì tí yóò máa mu ńkọ́?

Ìyá Oníkólobó: Ẹ̀hẹ́n!

Gíláàsì Kútọ̀: Ẹ jẹ́ n dá sí i. Bí ẹ bá fẹ́ da ìbòjì àti gíláàsì yìí pọ̀, ẹ ṣọ́ra. Òjìji tó bo ìlàjì gíláàsì ló ń fọ́ ọ jù. Ibi tí oòrùn wà gbóná, etí rẹ̀ tó wọnú férémù tutù. Gíláàsì lásán, bí ìyàtọ̀ náà bá ti tó bíi dígírì 40, á sán. Ẹ óò mọ̀ ọ́n: láti etí ló ti bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ lọ tààrà kó tó wọ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ lo gíláàsì tí wọ́n ti fi ooru ààrò mú le, tempered tàbí heat-strengthened. Ẹ ò sì lè gé tempered lẹ́yìn tó ti jáde nínú ààrò, nítorí náà ẹ wọn fèrèsé lẹ́yìn tí wọ́n bá rẹ́ ẹ tán, ẹ wọn igun sí igun lọ́nà méjèèjì.

Sílíkóònù tó ń rùn bí ọtí kíkan, ẹ má lò ó. Neutral, èyí tí kò ní ásíìdì yẹn, ni kẹ́ ẹ béèrè, torí ásíìdì inú èyí tó ń rùn ń ba PVB àti ìdè etí gíláàsì jẹ́. Ẹ fi rọ́bà líle méjì sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ní ìdá mẹ́rin ìbú láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì. Ẹ lu ihò sísàlẹ̀ férémù kí omi òjò lè jáde. Omi tó bá dúró síbẹ̀ ni etí fíìmù ń mu, á wá funfun, á ru bọ́lùbọ́lù.

Ọmọ Ìbarà: Eruku ọyẹ́ ńkọ́?

Gíláàsì Kútọ̀: Ẹ fọ̀ ọ́ láàárọ̀ kí oòrùn tó dé ibẹ̀. Kànìnkànìn rírọ̀ ni, kì í ṣe irin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò.

Bọ̀dá Pańṣẹ́kẹ: Ẹ̀yin àgbà, tíǹtì ọkọ̀ wá ńkọ́? Ṣé èyí náà lè jẹ́ thermochromic, kí ọlọ́pàá rí i pé ó mọ́ nígbà tí wọ́n bá dá mi dúró?

Ìyá Oníkólobó: Ọ̀sán ni wọ́n ń dá èèyàn dúró. Lọ gba pámíìtì ẹ, jàre.