Òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni, kì í ṣe òkúta onípele

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí orúkọ Yorùbá tí a ń wá fún àwọn òkúta, àwọn kan dábàá pé kí a máa pe òkúta tí iyanrìn, ẹrẹ̀ àti ìkarahun máa ń dà nígbà tó bá yá ("sedimentary rock" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "òkúta onípele", nítorí pé ìpele ìpele ni ojú ń rí lára rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìrísí ni orúkọ yẹn dì mú, ìrísí sì máa ń tan ni jẹ.

Ẹ wo Deccan ní Íńdíà. Ìpele lórí ìpele ni òkúta ibẹ̀, ó nípọn ju 2,000 mítà lọ láwọn ibì kan, síbẹ̀ iná abẹ́ ilẹ̀ ló bí i: òkúta yíyọ́ ṣàn jáde, ó tutù, òmíràn tún ṣàn gorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òkúta tí àwọn iyùn inú òkun mọ jọ lè ga fíofío láìní ìpele kankan tí èèyàn lè nawọ́ sí, ọmọ ilé yìí sì ni. Orúkọ tó bá gba ọmọ ọlọ́mọ wọlé, tó tún ti ọmọ ilé síta, kò tíì ṣiṣẹ́ orúkọ.

"Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀" ni èmi fara mọ́, ìyẹn ohun tó máa ń rogún sí ìsàlẹ̀ nígbà tí omi bá tòrò. Bí òkúta yìí ṣe wáyé gan-an nìyẹn. Òjò, oòrùn, yìnyín àti gbòǹgbò igi á fọ́ òkúta àgbà sí wẹ́wẹ́; odò, atẹ́gùn tàbí yìnyín tó ń rìn á gbé èérún rẹ̀ lọ; ibi tí agbára ohun tó gbé e bá ti tán ni yóò jókòó sí. Èyí tó tóbi ló ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, èyí tó kúnná ló ń rìn jìnnà jù. Bí òmíràn ṣe ń wó lé e lórí, ìwúwo á máa fún omi jáde láàárín ẹyọ iyanrìn, omi tó ń gba ibẹ̀ kọjá á sì fi àwọn èròjà inú òkúta bíi kálísáìtì, sílíkà tàbí ìpẹtà irin sílẹ̀, èyí tó máa lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ìpẹtà irin yìí ló máa ń mú kí òkúta iyanrìn pọ́n.

Ẹnì kan bi wá pé, iyanrìn tí atẹ́gùn kó jọ láṣálẹ̀ ńkọ́, inú omi wo ló ti rogún? Ìbéèrè gidi ni. Irú rẹ̀ ni òkúta iyanrìn tí wọ́n ń pè ní Navajo ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, tí ìlà dídagun ara rẹ̀ ṣì ń fi bí òkìtì iyanrìn ayé àtijọ́ ṣe ń sún síwájú hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Látìn tí àwọn òyìnbó mú lò, "sedimentum", kò dárúkọ omi rárá, ìjókòó ló túmọ̀ sí. Bí tiwọn bá lè gba iyanrìn atẹ́gùn mọ́ra, tiwa náà lè fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Iyọ̀ kò sì ba àbá mi jẹ́. Bí omi òkun bá ń gbẹ, gípúsọ̀mù, èròjà rírọ̀ kan tó wà nínú omi òkun, ló ń rogún ṣáájú iyọ̀, iyọ̀ á tẹ̀ lé e nígbà tí omi bá ku díẹ̀ kíún. Báyìí ni iyọ̀ ńlá abẹ́ Òkun Mẹditaréníà ṣe wáyé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 ọdún sẹ́yìn. Èédú inú ilẹ̀ ńkọ́? Ewéko tó kú sínú àbàtà ni, tí afẹ́fẹ́ kò rí i jẹrà tán. Nítorí náà, mo pín wọn sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ èérún, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àtomiyọ àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ abẹ̀mí.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí a ṣọ́ra jù ni ìdílé èérún. Òṣùwọ̀n Wentworth ti ọdún 1922 ni ọ̀pọ̀ fi ń pín èérún bí ó ṣe tóbi sí: ohun tó bá ju mílímítà 2 lọ jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, láti ibẹ̀ dé ìdá kan nínú 16 mílímítà jẹ́ iyanrìn. Àbá tó wà nílẹ̀ ń pe gbogbo èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ ní "amọ̀". Àṣìṣe ni. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀, eyín ló lè ṣe é. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òkúta máa ń fi eyín iwájú jẹ ègé tíntín rẹ̀ wò: bí ó bá ń ta kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kì í ṣe amọ̀, amọ̀ máa ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ẹ jẹ́ ká pe èyí tó ń ta yẹn ní lẹ́búlẹ́bú, kí òkúta rẹ̀ sì máa jẹ́ òkúta lẹ́búlẹ́bú.

Èyí tí òkúta wẹ́wẹ́ bá lẹ̀ pọ̀ di, mo pè é ní òkúta ọlọ́mọ. Bí ọmọ inú rẹ̀ bá roboto, a jẹ́ pé ó ti yí gbirigbiri wá láti ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá ṣì ní igun mímú, ìtòsí ibi tó ti fọ́ ló wà. Nítorí náà, ọlọ́mọ roboto àti ọlọ́mọ onígun, a kò gbọ́dọ̀ da méjèèjì pọ̀.

"Òkúta ẹfun" nìkan ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn fún èyí tí ásíìdì ń hó lórí rẹ̀ ("limestone" lédè Gẹ̀ẹ́sì). Ẹfun funfun, òkúta yìí sì lè dúdú tàbí kó rí bí eérú. Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn jù, kó jọ̀ọ́ gbé e wá.