Àlejò tó ń fura àti àwọn ọmọ abàmì inú ilé àdádó

Tí ẹ bá ń kọ ìtàn àlejò tó bá àwọn ọmọ abàmì pàdé nínú ilé àdádó, kì í ṣe idán ló ń mú un dùn. Ìfura àlejò ni, ìṣe rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi í hàn. Tí ẹ bá kàn kọ ọ́ pé ẹ̀rù bà á, òǹkàwé ò rí nǹkan kan dì mú. Ẹ jẹ́ kó dúró lẹ́yìn ọgbà fún ìgbà díẹ̀, kó wò ó bóyá èéfín ń jáde, kó ka bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà ọmọ mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, ọmọ márùn-ún sì ni, tí ìtẹ̀lẹ̀ ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú wọn mọ́ tónítóní bíi pé kò kan ilẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni ò tíì pidán, ara òǹkàwé ti bù máṣọ.

Ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí oníkálukú bá ń fi agbára tirẹ̀ hàn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ìran wíwò ló dà, ìbẹ̀rù ti lọ nìyẹn. Èyí tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tí ọmọdé máa ń béèrè ni kó sì béèrè: "Kí ló wà nínú àpò yín?"

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé agbára ọmọ náà kì í ná an ní nǹkan kan. Èyí tó ń mú iná jáde ní àtẹ́lẹwọ́, kí òtútù máa gbọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn ò lè sùn láàárín èrò. Ìdí tí ilé wọn fi jìnnà sí ìlú nìyẹn. Ilé tó dá wà láìnídìí kò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo àwọn ọmọ méjì aláwọ̀ ewé ti Woolpit nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn méjì, Ralph ti Coggeshall àti William ti Newburgh, kọ ìtàn wọn sílẹ̀ ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn ò jẹ oúnjẹ kankan àfi ẹ̀wà tútù, inú igi ẹ̀wà ni wọ́n sì ti ń wá kóró rẹ̀, kì í ṣe inú èèpo. Nígbà tí wọn ò rí i, wọ́n bú sẹ́kún. Lójú tèmi, ẹkún yẹn lágbára ju àwọ̀ wọn lọ: ọmọ tí ebi ń pa ni wọ́n, abàmì yòówù kí wọ́n jẹ́.

Ọ̀rọ̀ àgbà tó ń tọ́jú àwọn ọmọ inú ilé àdádó yín ló kù. Ẹ má tètè mú un wọlé. Gbàrà tó bá ti ń ṣàlàyé, àlejò ò ní ìdí láti fura mọ́.